Ẹ̀yin Ará Chicago, Ẹ Jẹ́ Ká Jáde Nígbà Òtútù

Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti máa ń wọ̀ ní Chicago kí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tó bá jáde lọ síbi iṣẹ́ nínú òkùnkùn, òkùnkùn náà ni yóò bá padà wálé. Atẹ́gùn orí adágún Michigan kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọnú kóòtù èèyàn. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, òtútù ìlú yìí já dé ìwọ̀n 31 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n ti iléèwé pa, àwọn tó ń pín lẹ́tà ò jáde, gbogbo títì sì dá páropáro. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá sínú irú nǹkan báyìí, ohun tí ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó ti ilẹ̀kùn, kó tan ẹ̀rọ amúlégbóná, kó sì jókòó síbẹ̀ títí oṣù Kẹrin yóò fi dé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ibi iṣẹ́, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ká tún padà sílé. Mo mọ àwọn tó ti pẹ́ gan-an níbí tí wọn ò tíì rí àárín ìlú lálẹ́ oṣù Kejìlá rí, bẹ́ẹ̀ gbogbo òtútù tó mú gbogbo ayé níbẹ̀ ló mú wọn náà, wọ́n kàn jìyà rẹ̀ láìrí adùn rẹ̀ ni. Ó máa ń dùn mí. Ìlú yìí kì í sùn nígbà òtútù. Àwọn tó ti Yúróòpù wá síbí ṣáájú wa, àwọn ará Jámánì, Pólándì, Sweden, Ítálì àti Ireland, ti fi orin, oúnjẹ, eré àti àjọyọ̀ kún inú oṣù tó le jù lọ nínú ọdún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kó sú wa. Ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá wò dáadáa. Màá débẹ̀.

Daley Plaza ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, gbàgede tó wà níwájú ilé ẹjọ́ ní àárín ìlú. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọjà Jámánì tí wọ́n ń pè ní Christkindlmarket ló máa ń gba gbogbo ibẹ̀. Ìsọ̀ onígi kéékèèké ni wọ́n tò síbẹ̀, tí òrùlé wọn ní ilà pupa àti funfun. A kì í sanwó ìwọlé. Bọ́ọ̀lù gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe igi Kérésì lọ́ṣọ̀ọ́ wà, ọmọlangidi onígi wà, àbẹ́là wà, fìlà onírun wà. Oúnjẹ ńkọ́? Sọ́séèjì tí wọ́n ń yan, pòtétò tí wọ́n rin tí wọ́n sì dín, tí wọ́n ń fi èso ápù tí wọ́n sè rọ̀ jẹ ẹ́, àti álímọ́ǹdì tí wọ́n ń yí nínú ṣúgà gbígbóná. Òórùn álímọ́ǹdì yìí ló máa ń júwe ọ̀nà fún èèyàn láti ibùdókọ̀ ojú irin.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ ni ọtí wáìnì pupa tí wọ́n gbé kaná pẹ̀lú kànáfùrù, sínámọ́ọ̀nù, ọsàn àti ṣúgà. Glühwein lorúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mutí, ṣokoléètì gbígbóná wà fún un. Kọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń tà á jẹ́ tuntun lọ́dọọdún, wọ́n sì máa ń kọ ọdún náà sára rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń tọ́jú rẹ̀ sórí pẹpẹ nílé. Àga kò pọ̀ níbẹ̀. Tábìlì gíga ni wọ́n gbé síta, àwọn èèyàn á sì dúró yí i ká, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́ọ̀bù mú, ooru á máa gba inú ìbọ̀wọ́ wọlé sí àtẹ́lẹwọ́, èémí á máa jáde lẹ́nu wọn ní funfun. Nítorí pé tábìlì kò tó, ẹni tí o kò mọ̀ rí ló máa sún fún ọ. Bó bá ti sún, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Níbi tábìlì bẹ́ẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ òtútù: èyí tó tẹ̀ mọ́ ara ní ìsàlẹ̀, èyí tó ní irun láàárín, èyí tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá lókè.

Bí o bá kọ́kọ́ débẹ̀, wàá rò pé láti ayé àwọn baba ńlá wọn lọjà yìí ti wà ní Chicago. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1996 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Jámánì àti Amẹ́ríkà tó wà ní agbègbè yìí ló dá a sílẹ̀ kí òwò láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì lè gbòòrò. Pioneer Court, gbàgede mìíràn ní àárín ìlú, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ná an, ó di ọdún kejì kó tó dé Daley Plaza. Ọjà Kérésì ti ìlú Nuremberg ni wọ́n wò kọ́ ọ. Ti Nuremberg ló pẹ́: ẹ̀rí tó dàgbà jù lọ tí wọ́n ní nípa rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1628, àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ ọdún náà sí ni. Ti Chicago kò tíì pé ogójì ọdún. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n gbé sí èjìká wá síbẹ̀ nígbà yẹn ti ń gbé ọmọ tiwọn wá báyìí.

Nuremberg náà kò dúró sójú kan. Lọ́dún méjì-méjì ni wọ́n máa ń yan ọ̀dọ́mọbìnrin kan láàárín àwọn ọmọ ìlú láti jẹ́ Christkind, ẹni tó máa dé adé wúrà, tó máa wọ aṣọ funfun àti wúrà, tó sì máa ṣí ọjà náà. Lọ́dún 2019, Benigna Munsi ni wọ́n yàn, ọmọ ọdún 17 tí bàbá rẹ̀ wá láti Íńdíà. Ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò fẹ́ àjèjì sọ̀rọ̀ burúkú nípa rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìlú gbè é lẹ́yìn, òun ló sì ṣí ọjà. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá ní nǹkan òyìnbó ni, kò kàn wá.

Ó sì yẹ ká mọ̀ pé àwọn ará Jámánì pàápàá ti rí ìgbà tí wọn ò lè gbé nǹkan ìbílẹ̀ wọn síta ní Chicago. Ọmọ Jámánì ni Theodore Thomas, ẹni tó dá ọ́kẹ́sírà ńlá ìlú yìí sílẹ̀ ní 1891. Ó jà títí ìlú fi kọ́ gbọ̀ngàn fún wọn, wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1904 láàárín òtútù gan-an, òun fúnra rẹ̀ ló darí orin lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi di ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1905, òtútù àyà ti pa á. Frederick Stock tó rọ́pò rẹ̀ náà, ọmọ Jámánì ni. Ogun Àgbáyé Kìíní dé, Stock kò tíì gba ìwé ọmọ onílùú, ó sì di dandan kó kúrò nídìí ọ́kẹ́sírà ní 1918 títí ó fi parí ètò ìwé rẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, iwájú ilé ẹjọ́ ni wọ́n ń ta sọ́séèjì wọn.

Ní gbàgede kan náà, ère irin gìrìwò kan dúró lẹ́bàá àwọn ìsọ̀ náà, ó ga tó àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Picasso ló ṣe àwòṣe rẹ̀, wọ́n sì ṣí i lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1967. Wọ́n fi ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là lọ̀ ọ́ fún iṣẹ́ náà, kò gbà á, ó ní òun fi ta àwọn ará Chicago lọ́rẹ. Àwọn ọmọdé máa ń gun ìdí rẹ̀ tí wọ́n á sì yọ́ wálẹ̀ nínú yìnyín. Èmi a máa wo ojú ère yẹn, imú gígùn yẹn, ojú méjèèjì tó sún mọ́ra wọn, màá sì rántí pé láti ọdún 1907 tí Picasso ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Paris tó sì rí àwọn ère àti agọ̀ Áfíríkà níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti yí padà. Nítorí náà, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ pe ojú yẹn ní ti Yúróòpù nìkan.

Ẹni tó bá fẹ́ rí èyí tó jẹ́ tiwa pátápátá, kó rìn díẹ̀ sí ìlà oòrùn títí dé Art Institute, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ìlú yìí. Nígbà Kérésì, wọ́n máa ń fi ẹ̀gbà ewé tútù sí ọrùn kìnnìún idẹ méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, èyí tí Edward Kemeys ṣe, tó ti wà níbẹ̀ láti 1894. Àwọn èèyàn máa ń wọlé lọ wo àwọn àwòrán Faransé, wọn ò sì jẹ̀bi, nítorí pé àwòrán tí Seurat fi kún ojú oòrùn létí odò yẹn máa ń móoru lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú yìnyín dé. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jáde. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà Áfíríkà sí. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin kan wà níbẹ̀ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ láàárín 1910 sí 1914 fún Ògògà, ọba ìlú Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ọba jókòó, ó dé adé, ẹyẹ bà sórí adé náà. Ara ọba kò tóbi. Olorì àgbà tó dúró lẹ́yìn àga ló ga, ó ga débi pé orí ọba kò kọjá àyà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lára àga tí ọba jókòó lé. Ẹni tó bá dàgbà sílé Yorùbá kò nílò àlàyé kankan nípa ẹni tó di ààfin mú. Nísàlẹ̀, ìyàwó kékeré kúnlẹ̀, afọnfèrè dúró. Tí o bá fara sún mọ́ ọn, wàá rí bí ọ̀bẹ Ọlọ́wẹ̀ ṣe fín ara igi náà, ìlà wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ ní orí olorì níbi tí irun ti pín. Mo ti mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ nínú oṣù Kejì, ó dúró síwájú rẹ̀, ó bi mí pé, "Àǹtí, ta ló gbé e débí?" Ìbéèrè ńlá ni, mo sì dáhùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: pé lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ nǹkan ààfin kúrò nílé, pé ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin yìí kan náà wà ní British Museum ní London láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ síbi àfihàn Wembley ní 1924. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, ilé yìí máa ń ya àwọn ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láàárín oṣù Kìíní àti oṣù Kejì fún ará Illinois láti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo nǹkan òtútù yìí ni Messiah. Handel tó kọ ọ́, Jámánì ni wọ́n bí i sí, London ló ń gbé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ orin náà ní 1741, Dublin ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ kọ ọ́ síta, lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin 1742. Àjíǹde ló kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà, Kérésì kọ́. Owó tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ ni wọ́n ti san gbèsè èèyàn 142 tó wà lẹ́wọ̀n nítorí gbèsè, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀. Ní Chicago, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Al Booth dá ohun kan sílẹ̀ ní 1976: kò sí ẹgbẹ́ akọrin lórí pèpéle. Ọ́kẹ́sírà wà, àwọn àdákọrin mẹ́rin wà, ẹni tó ń darí wà, ṣùgbọ́n àwọn tó wá wòran ni ẹgbẹ́ akọrin. O máa mú ìwé orin rẹ lọ́wọ́, o máa jókòó síbi tí ohùn rẹ wà, sopránò níbí, tẹ́nọ̀ lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá sì ti fún ọ ní àmì, o máa kọrin.

Màmá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti wà ní Chicago kí èmi tó dé. Kì í jáde lálẹ́ nígbà òtútù, orúnkún ń dùn ún. Mo lọ bá a.

"Mà, ẹ jẹ́ ká lọ síbi orin kan lọ́jọ́ Sátidé."

"Nínú yìnyín yìí, ọmọ mi? Orin wo ni?"

"Messiah ni, mà. Gbogbo èèyàn ló máa kọ ọ́."

Ó dákẹ́. Ó bi mí pé, "Gbogbo rẹ̀, àbí Hallelúyà nìkan?" Mo ní gbogbo rẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ó pọ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé ìwé orin kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, áltò ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ní Èkó. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ rántí pé orin yìí kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Ní Cathedral Church of Christ tó wà ní Marina, T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips ló wà nídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì náà láti 1914 títí di 1962, lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn olórin ńlá bíi Fẹlá Ṣówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé ti jáde. Ṣówándé fúnra rẹ̀ gbé ọjọ́ ogbó rẹ̀ ní apá ibi tí a wà yìí, ìpínlẹ̀ Ohio ló kú sí ní 1987. Àìmọye ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń fi sol-fa kọ́ Hallelúyà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, nígbà tí màmá jókòó sí àárín àwọn áltò, kò ṣe àlejò rárá. Obìnrin àgbà kan tó jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀ ń fi ìka tẹ̀lé nóòtì nínú ìwé tirẹ̀. Nígbà tó di "Nítorí a bí ọmọ kan fún wa," níbi tí ohùn ti máa ń sáré gùn tí ó tún ń sáré sọ̀, obìnrin yẹn ṣìnà. Màmá kò wo ìwé. Ó na ọwọ́, ó fi ìka lé ibi tí orin dé nínú ìwé aládùúgbò rẹ̀, kò sì dá orin dúró. Àwọn méjèèjì jọ kọ ọ́ dópin. Nígbà tí a máa fi dé Hallelúyà, tí gbogbo gbọ̀ngàn dìde, bàsì ń dún láti ẹ̀yìn wa débi pé mo ń gbọ́ ọ lára àga. Ní ọ̀nà ilé, màmá kò sọ̀rọ̀ orúnkún. Ó ní ẹni tó ń lu tìmpánì yẹn mọṣẹ́.

Ó kù díẹ̀ tí mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gùn lórí wọn. Lyric Opera wà létí odò, nínú ilé gogoro tí Samuel Insull kọ́, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó di olówó iná mànàmáná. Ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 1929 ni wọ́n ṣí i pẹ̀lú Aida, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ọjà ìpín ìdókòwò dojú dé ní New York. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ́pẹ́rà wọ́n, ṣùgbọ́n ìjókòó òkè pátápátá kì í wọ́n jù, ohùn sì máa ń dé òkè dáadáa; wọ́n ń fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ orin hàn lókè pèpéle. Joffrey, ẹgbẹ́ oníjó báléètì ìlú yìí, ń jó Nutcracker, ìtàn Kérésì tí wọ́n ń fi ijó sọ, láti 2016 sì ni tiwọn ti ń ṣẹlẹ̀ nínú Chicago ọdún 1892, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àtìpó tó ń kọ́ ilé fún àfihàn àgbáyé ọdún 1893. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kejìlá, ẹ lọ sí àdúgbò Andersonville. Ní nǹkan bí ọdún 1900, Stockholm nìkan làwọn ará Sweden pọ̀ sí ju Chicago lọ, Clark Street níbẹ̀ sì jẹ́ tiwọn. Àwọn ọmọbìnrin á wọ aṣọ funfun, wọ́n á di ọ̀já pupa mọ́dìí, ọ̀kan á gbé adé àbẹ́là lórí, wọ́n á sì máa kọrin Lucia Mímọ́ láàárín títì nínú òkùnkùn.

Tí Lẹ́ńtì bá sì ti ń bọ̀, ẹ wá pączki. Àwọn ará Pólándì ló ni ín. Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni, tó tóbi, tí wọ́n ti jáàmù sínú. Wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́bọ̀ tó ṣáájú Lẹ́ńtì, wọ́n sì tún ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, nítorí ó yẹ kí epo àti ṣúgà tán nínú ilé kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí èrò ti máa ń tò síwájú ilé búrẹ́dì wọn.

Èyí tó tù mí lára jù láàárín ọ̀sẹ̀ ni orin ọ̀sán Wednesday, Dame Myra Hess Memorial Concerts. Olórin dùùrù ni Myra Hess, ará London. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, wọ́n kó gbogbo àwòrán kúrò ní National Gallery nítorí bọ́ǹbù, ilé òfìfo ló kù. Láti oṣù Kẹwàá 1939 ni ó ti ń ṣètò orin síbẹ̀ lọ́sàn-án, ó fi ṣe é títí ogun fi parí, kódà nígbà tí bọ́ǹbù ń bọ́. Al Booth tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà ló gbé irú rẹ̀ wá sí Chicago ní 1977. Ọ̀fẹ́ ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Chicago Cultural Center ni wọ́n ti ń ṣe é, ilé tí wọ́n ṣí ní 1897 gẹ́gẹ́ bí ilé ìkàwé ìlú, lábẹ́ òrùlé gíláàsì Tiffany. Olórin ọ̀dọ́ ni wọ́n sábà máa ń pè. Ẹni tí kò nílé á jókòó, ẹni tó wọ kóòtù olówó ńlá á jókòó tì í, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níṣẹ́ òru á jókòó. Nínú oṣù Kejì tí ọkàn ti rẹ èèyàn, kò sí oògùn tó dà bí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ti lè máa rí ibi tí mò ń lọ. Ẹ wo àwọn ọdún wọ̀nyí. Ọjà Jámánì, 1996. Orin ọ̀sán Wednesday, 1977. Messiah tí gbogbo èèyàn ń kọ, 1976. Eré Kérésì ní Goodman Theatre, 1978. Odò tí wọ́n ń fi àró sọ di àwọ̀ ewéko ní ọjọ́ Patrick Mímọ́ ti àwọn ará Ireland, 1962, àwọn púlọ́ńbà ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn igi Kérésì káàkiri àgbáyé tó wà ní Museum of Science and Industry, 1942. Igi kan ṣoṣo ni nígbà yẹn, wọ́n fi bọlá fún àwọn ọmọ ogun, kó tó di pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń wá ṣe igi tirẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ń pe gbogbo wọn ní àṣà àtayébáyé. Bàbá wa tó wà láyé lónìí dàgbà ju èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ. Ẹnì kan ló ronú rẹ̀, ó lọ béèrè àyè lọ́wọ́ ìlú, ó ṣe é, ó tún ṣe é lọ́dún kejì lọ́jọ́ kan náà, níbi tí ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀ lè rìn kọjá kó sì yà wọlé.

Ibẹ̀ ni tiwa ti yàtọ̀. A ń ṣe àríyá ní Chicago, a ń ṣe é dáadáa. Inú gbọ̀ngàn tí a háyà ni, lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, pẹ̀lú aṣọ ẹbí, fún ẹni tí a fún ní káàdì. Mo fẹ́ràn òwàmbẹ̀, mo sì ń náwó sí i. Ṣùgbọ́n aládùúgbò mi tó jẹ́ ará Pólándì ti fún mi ní pączki lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì mọ̀ pé a ní ohun kankan tí a ń ṣe nígbà òtútù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ orin Lucia Mímọ́ ní iléèwé. Àlọ́ Ìjàpá méjì péré ló mọ̀.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú nǹkan tí mo kà sílẹ̀ yìí ló kó ara wọn sí oṣù Kejìlá. Bí Kérésì bá ti lọ, wọ́n á tú àwọn ìsọ̀ Daley Plaza, òkùnkùn ò sì tíì lọ, òtútù tó le jù kò tíì dé. Yàtọ̀ sí pączki, orin ọ̀sán Wednesday àti ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, oṣù Kìíní àti oṣù Kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àwa ọmọ Yorùbá sì ni ohun kan tí òru nìkan ló wà fún. A kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Níbi tí alẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún, ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kí ìyá àgbà jókòó kó ní "Ààlọ́ o," kí gbọ̀ngàn tó kún fún ọmọ dúdú, ọmọ funfun àti ọmọ Mẹ́síkò ní "Ààlọ̀." Àlọ́ àpamọ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo ọmọ ló fẹ́ràn kó mọ ìdáhùn kí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà àlọ́ onígbè, pẹ̀lú gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá máa gbe ègbè, nítorí ègbè kò nira: bí mo ṣe rí i níbi Messiah nìyẹn, orin tí èèyàn bá bá wa gbè kì í ṣe ti ẹlòmíì mọ́. Kí àkàrà gbígbóná wà lẹ́nu ọ̀nà, àti ògì.

Mo ti ń béèrè iye tí wọ́n ń gba lórí gbọ̀ngàn ilé ìkàwé àdúgbò lálẹ́ Friday nínú oṣù Kejì. Mo fẹ́ ibi tí bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ń dé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí títì, tí ẹni tó ń kọjá lọ lè gbọ́ ìlù kó sì wọlé láìní káàdì. Màmá áltò ti gbà pé òun máa pa àlọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí n wá onígángan tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ọ̀rọ̀.